Ṣé ìbọn afẹ́fẹ́ tó pa àparò nígbó Ẹ̀pẹ́?

Ìbéèrè tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ rèé:

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kan fún mi ní ìbọn afẹ́fẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó ki ọta bọ̀ ọ́. .177 ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ̀yìn Noforíjà ni mò ń gbé, àparò sì ń ké lẹ́yìnkùlé wa láràárọ̀ bí ẹni ń fi mí ṣẹ̀sín. Ọ̀rẹ́ mi ní nǹkan ìṣeré ọmọdé ni, pé àparò á kàn gbọn ìyẹ́ nù, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ní òun ń fi tòun pa ẹyẹ láti 60 mítà. Mo tún ń wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń fi í pa ẹyẹlé igbó ní Ìlú Ọba. Ta ni kí n gbà gbọ́? Níwọ̀n ìgbà tí kò sì ti lo ẹ̀tù, mo gbà pé kò la ìwé àṣẹ lọ."

* * *

Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ ṣì í sọ, ẹni 60 mítà ń fọ́nnu, àmọ́ gbólóhùn tí o fi parí yẹn ló lè gbé ọ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Jẹ́ kí n ti ibẹ̀ mú un.

Òfin ìbọn tí à ń lò ní Nàìjíríà ti wà láti 1959. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Àkọ́kọ́ ni àwọn tí aráàlú ò gbọdọ̀ ní, irú èyí tí sójà ń gbé. Ìkejì ni ìbọn àdáni, ibẹ̀ ni ìbọn ọdẹ oní-kátíríìjì wà. Ìkẹta ni ìbọn à-ki-lẹ́nu, ṣakabùlà tí àwọn bàbá wa ń gbé. Ọ̀wọ́ kejì ni ìbọn afẹ́fẹ́ rẹ bọ́ sí, wọ́n dárúkọ rẹ̀ gbangba, òun àti oní-kátíríìjì ni wọ́n jọ jókòó. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá ló sì ń fúnni níwèé rẹ̀. Kò síbi tí òfin ti ní kí ìbọn lẹ́tù nínú kó tó máa jẹ́ ìbọn.

Nítorí náà, má tíì gbé e jáde. Má gbé e gun ọ̀kadà pé o fẹ́ lọ fi han ọ̀rẹ́. Bi ẹ̀gbọ́n rẹ bóyá ó níwèé. Tó bá ní, dá a padà fún un, torí ìwé tó jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ò lè bò ọ́ láṣìírí. Tí kò bá ní, ẹ wá lọ́yà kó tẹ̀ lé yín lọ. Mo mọ̀ pé èyí kọ́ lo fẹ́ gbọ́.

* * *

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé ti bí àwọn kan nínú. Ẹnì kan láti Agbówá ní àwọn bàbá tó ń gbé ṣakabùlà kiri oko ò níwèé kankan, pé kò sẹ́ni tó dá wọn lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àwọn tẹ́ ẹ mọ̀ lẹ̀ ń sọ. Bàbá tèmi níwèé. Inú agolo bisikíìtì ló ń kó o sí, ó fi ọ̀rá wé e nítorí òjò tó ń jò sórí àjà, agolo yẹn sì léèwọ̀ lójú àwa ọmọ ju ìbọn fúnra rẹ̀ lọ. A lè gbé ìbọn fún un. A ò gbọdọ̀ ṣí agolo.

Ẹlòmíràn ní wọn kì í gbàwé fún un ní Ìlú Ọba. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Ní Íńgílándì, àgbàlagbà lè ní èyí tí agbára rẹ̀ ò bá kọjá 12 foot-pounds (ìwọ̀n agbára tí ọta fi ń jáde lẹ́nu ìbọn) láìgba ìwé. Skọ́tlándì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti ní kí oníkálukú máa gbàwé láti ọjọ́ tó parí ọdún 2016. Òfin ilé oníkálukú ni, ti wọn ò sì lè gba ìwọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó dá ọ dúró ní Ìtọ́ìkín.

Ní ti ẹni tó ní nǹkan ìṣeré ni: nígbà tí Lewis àti Clark la Amẹ́ríkà já dé etí òkun lápá ìwọ̀-oòrùn láàárín 1804 sí 1806, ìbọn afẹ́fẹ́ wà nínú ẹrù wọn, wọ́n sì máa ń yìn ín níṣojú àwọn onílẹ̀ tí wọ́n bá bá lọ́nà kí ẹnu lè yà wọ́n. Àwọn àgbà tiwa náà ṣáà ti bi wá tipẹ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun?

Ó tó lórí ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lé e lórí kó lọ bá lọ́yà rẹ̀ jà.

* * *

Ó kan agbára rẹ̀ báyìí.

Ọta .177 fẹ̀ tó 4.5 mìlímítà, ó wọn nǹkan bí ìdajì gíráàmù. .22 fẹ̀ tó 5.5 mìlímítà, òun á tó gíráàmù kan, bóyá kó lé díẹ̀ tàbí kó dín díẹ̀. Wá gbé e wo àparò. Akọ tó sanra á súnmọ́ ìdajì kílò, ìyẹ́ àyà rẹ̀ nípọn bíi tìmùtìmù, bó bá sì ti jẹko àárọ̀ yó, àpò oúnjẹ abẹ́ ọrùn rẹ̀ á wú síwájú bí àpò iyanrìn. Ọta ìdajì gíráàmù tó ti ọ̀nà jíjìn wá lu ibẹ̀ lè má dé ibi tí ẹ̀mí wà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ti fara jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n orí àparò ò ní tìmùtìmù. Ọta kékeré yẹn náà, láti ogún ìṣísẹ̀, bó bá bá a lórí tàbí níbi tí orí ti so mọ́ ọrùn, ojú ẹsẹ̀ ni á dùbúlẹ̀. Mo ti rí èyí tó ṣì di kóró àgbàdo mú lẹ́nu.

Bí mo ṣe ń dán ara mi wò rèé. Màá kan ìdérí ìgò mínírà márùn-ún mọ́ pákó, màá gbé pákó síwájú òkìtì ilẹ̀, màá ka ogún ìṣísẹ̀. Mi ò ní gbé ìbọn lé tábìlì. Bí mo ṣe máa jókòó nígbó, lórí ìdí, orúnkún sókè, bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe jókòó níbẹ̀. Bí mo bá bá márààrún, mo lè yìn láti ogún ìṣísẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ mẹ́rin ni mo bá, mo ti di ọdẹ ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí tó jẹ́ méjì péré ni mo bá, lẹ́yìn òru àìsùn ni. Mo gbé ìbọn padà sílé, mo lọ jẹ ẹ̀bà.

Ẹ̀gbọ́n 60 mítà, ẹ gbọ́ o. Ọta .22 tó ti inú ìbọn tí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe kó máa bá àmì ní 25 mítà jáde, kó tó dé 50, á ti sọ̀kalẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Atẹ́gùn tí ò lè mi ewé ẹ̀gẹ́ á sì ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní 60, orí ta lẹ fojú sùn? Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti pa ọ̀kan lóòótọ́. Èmi náà ti jẹ tẹ́tẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí.

* * *

.22 àbí .177? Ìjà yìí ò lè tán. Àwọn ti .177 ní tàwọn yára, pé ọ̀nà rẹ̀ tọ́, béèyàn bá ṣi jíjìnnà kà díẹ̀ kò ní pọ̀ lójú àmì. Àwọn ti .22 ní tàwọn máa ń wọlé pẹ̀lú ìwúwo, ẹyẹ kì í gbé e rìn. .22 ni mo ní, torí òun ni mo rí rà. Àbúrò, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ tó, bó bá ti jẹ́ orí lò ń wá.

Ohun tí mo lè jà lé lórí ni ìmọ̀ràn ẹni Ìkòròdú tó ní kí àbúrò yìí ju oní-sípíríìngì ọwọ́ rẹ̀ (èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ yẹn) nù kó lọ ra èyí tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́ pamọ́ sínú àgbá. Ó dáa, n ò lè parọ́. Kì í ta gìrì lọ́wọ́ ẹni, alákọ̀ọ́kọ́ pàápàá lè fi bá ìdérí ìgò. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 200 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe fún tó) ni afẹ́fẹ́ tó ń wọnú rẹ̀. Ẹnì kan tún béèrè lábẹ́ ibẹ̀ pé ṣé òun ò lè gbé e tọ fọ́kánáísà lọ ní gáréèjì. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi yọjú. Nǹkan bíi bar méjì ni táyà ọkọ̀ kékeré ń gbà; ẹ̀rọ fọ́kánáísà ò dé ogún. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tirẹ̀ lo máa rà, wàá dúró tì í, wàá máa gún un bí ẹni gúnyán ìyàwó, ẹ̀wù rẹ á rin gbindin. Lọ́jọ́ tí rọ́bà kékeré inú rẹ̀ bá já, ta lo mọ̀ láti Ayétòrò dé Pọ́kà tó ní irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù?

Oní-sípíríìngì tèmi ti jẹ òjò, ó ti jẹ ọyẹ́, ọ̀rinrin ọ̀sà ò sì pa á. Àṣà tirẹ̀ náà wà ṣá o. Iwájú àti ẹ̀yìn ló máa ń ta gìrì sí, ìdí nìyẹn tí awò ìbọn lásán fi máa ń tú sára rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìbọn afẹ́fẹ́ ni kó o béèrè. Má dì í mọ́ra bí ẹni di olè mú. Jẹ́ kó sinmi lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ, kó gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n, kó ṣáà máa gbọ̀n bákan náà nígbà gbogbo. Má yìn ín lófìfo, ọta ló ń dá afẹ́fẹ́ dúró tí písítìnì (irin inú rẹ̀ tí sípíríìngì ń tì) kì í fi í lọ forí sọ. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ tí àwọn kan ń rọ sí i nínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Afẹ́fẹ́ tó há mọ́ ibẹ̀ máa ń gbóná lójijì, òróró á gbiná, á dún gbàù, inú rẹ á dùn pé ó lágbára, sípíríìngì á wá ṣẹ́. Aṣọ tó ní òróró díẹ̀, nu ìta rẹ̀, ó parí.

Bó o bá sì gbé e dé oko lórí ọ̀kadà (kó wà nínú àpò, kó má lọ́ta nínú), yìn ín sí ìdérí ìgò lẹ́ẹ̀kan sí i kó o tó jókòó. Gálọ́ọ̀pù ojú títì wa ò mọ awò.

* * *

Ibi tí wàá jókòó sí ni mo fẹ́ sọ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Àparò ò fẹ́ràn kó máa fò. Ẹsẹ̀ ló fi ń sá, bó bá di kàráǹgídá ló tó na ìyẹ́. Etí oko ẹ̀gẹ́ tó kángun sí igbó, ilẹ̀ tó sinmi ọdún kan sí méjì tí eèsún ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Nídàájí, akọ á wá ibi gíga tí á ti ké. Gbogbo wa la mọ̀ pé àparò kan ò ga jù kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ títí a fi gbàgbé pé ọdẹ ló rí i: èyí tó gun ebè yẹn gan-an lò ń wá. Orí rẹ̀ yọ sókè koríko, kò sì ní í kúrò títí tí á fi ké parí.

Má lépa igbe. Ohun tí gbogbo alákọ̀ọ́kọ́ ń ṣe nìyẹn: wọ́n á gbọ́ ọ lápá ọ̀tún, wọ́n á yọ́ lọ sí ọ̀tún, á ti dákẹ́, á sì tún ké lẹ́yìn wọn. Lo ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láti fetí sí i láìgbé nǹkan kan dání, wàá rí i pé ebè kan náà ló ń padà sí. Wá lọ jókòó kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ìlà-oòrùn wà lẹ́yìn rẹ, kí igi tàbí òkìtì wà lẹ́yìn rẹ náà kí ara rẹ má hàn gedegbe. Aṣọ tó ti ṣá ló dáa. Ìbora ojú dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ojú èèyàn máa ń tàn bí àwo nínú òkùnkùn. Ẹ̀fọn á jẹ ọ́. Jẹ́ kó jẹ.

Kì í ṣe ẹyẹ lo máa kọ́kọ́ rí. Ewé koríko kan á mi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò mi. Lẹ́yìn náà orí á yọ, wàá rí ìlà funfun tó wà lókè ojú rẹ̀, á dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, á tún padà wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ yìí ni àwọn ọmọdé máa ń yìn, ewé ni wọ́n máa ń pa. Mú sùúrù. Bó bá tún yọ, á gun ebè, á na ọrùn, ọ̀fun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kó o tó gbọ́ ohùn. Fa á nígbà tó bá ń ké. Bó ti ń ké, kò gbọ́ tìẹ.

Tí o bá rí àwọn ọmọ kéékèèké tó ń tẹ̀ lé e, gbé ìbọn sílẹ̀ kó o máa wò wọ́n. Ó dùn ún wò.

* * *

Ẹnì kan ní mò ń ṣe bí ìyá arúgbó lórí ogún ìṣísẹ̀ yìí. Ó dáa, màá sọ èyí tí n kì í sọ.

Apá Odò-Egírì ni. Ọdán kan wà níbẹ̀ tí àwọn oriri máa ń wá jẹ èso rẹ̀ bó bá pọ́n. Wàá dúró lábẹ́ rẹ̀, wàá máa gbọ́ tó, tó, tó, èso tí wọ́n jẹ kù ló ń já lu ewé gbígbẹ. Ọ̀kan jókòó sí ẹ̀ka òde. Mo ka jíjìnnà rẹ̀ lójú, mo ní 40 mítà ni, mo ní màá gbé ojú ìbọn sókè díẹ̀. Mo yìn. Mo gbọ́ tí ọta ba nǹkan, ohùn rírọ̀ yẹn tí ọdẹ máa ń gbọ́. Ó fò, ṣùgbọ́n ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, apá kan ń ṣiṣẹ́, ìkejì ń gbọ̀n, ó sì ré kọjá kòtò Ẹ̀rẹ̀dó.

Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ Ẹ̀rẹ̀dó, odi ilẹ̀ àti kòtò tí àwọn èèyàn àtijọ́ gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ni, nǹkan bí 160 kìlómítà ni yíyí rẹ̀, ibòmíràn sì wà níbẹ̀ tó jìn ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Mo sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, mo fi gbòǹgbò gòkè lódì kejì, mo wá ẹyẹ yẹn títí ojú fi ṣú. Mi ò rí i. N ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo padà lọ, ìjàlọ ni mo bá. Wọ́n tò lọ tò bọ̀ bí èrò ọjà, ìyẹ́ àti ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù, ọta mi wà láàárín egungun itan. Kò sún mọ́ ibi tí ẹ̀mí wà rárá. Ẹyẹ yẹn lo gbogbo òru kó tó kú, tàbí kí ìjàlọ tó dé.

Láti ọjọ́ náà ni ìdérí ìgò ti bẹ̀rẹ̀.

* * *

N ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dúńbú máa gbóná tó báyìí, àmọ́ Ẹ̀pẹ́ la wà, kò yẹ kó yà mí lẹ́nu. Ìyá kan tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní ọjà Olúwo kọ̀wé pé ìbéèrè tí àwọn oníbàárà kọ́kọ́ máa ń bi òun nípa àparò ni pé ṣé wọ́n dúńbú ẹ̀.

Àwọn alfa ò fẹnu kò. Àwọn kan ní bí ọdẹ bá ti pe Bísímílà nígbà tó ń fa ìbọn, tí ọta sì gún ara wọlé tí ẹ̀jẹ̀ jáde, ó tọ́ láti jẹ. Àwọn kan ní ọta roboto ò yàtọ̀ sí òkò, ohun tí òkò bá sì lù, kò tọ́ láti jẹ àyàfi béèyàn bá bá ẹ̀mí lára rẹ̀ kó tó dúńbú. Èmi kọ́ ni màá là wọ́n. Mo máa ń pe Bísímílà, ọ̀bẹ wà lápò mi, bó bá ti ṣubú mo ti dìde. Èyí tí mo bá bá láàyè, mo dúńbú rẹ̀. Èyí tó bá ti kú kí n tó dé, mi ò ní kó o mọ́ tàwọn yòókù fún ìyá tó ń tà á, ìyá ìyàwó mi náà kì í sì í fọwọ́ kàn án, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí n ò fara mọ́ rárá ni ti ẹni tó ní ká kúkú máa yìn ín lẹ́sẹ̀ tàbí lápá kó lè wà láàyè dé ọ̀dọ̀ ọ̀bẹ. Ẹ ka ohun tí mo kọ lókè nípa oriri. Kò sí alfa tó máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fìyà jẹ ẹ́.

Ìyá náà tún béèrè nípa ọta tó wà nínú ẹran. Òjé ni, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù, tó ìbú àtàǹpàkò. Eyín oníbàárà yín á dúpẹ́.

* * *

Ní ṣókí, fún àwọn tó ń béèrè bóyá ẹyẹ yìí ńkọ́, ẹyẹ yẹn ńkọ́:

Ayékòótọ́, rárá. Wọ́n ti kó o tà tán nínú igbó, àdéhùn gbogbo ayé sì ti ka títà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀ láti 2017. Agbe àti àlùkò tá a fi ń súre fún ọmọ, kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe? Lékeléke ò lẹ́ran lára, ọmọdé ṣì ń bẹ̀ ẹ́ fún èékánná funfun, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹyẹ tí ẹ bá rí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ létí oko, tí kò lè fò, ẹ má rò pé oríire ni. Àgbẹ̀ kan lè ti fi oògùn pa àgbàdo síbẹ̀. Bí ẹ bá bá òkú ẹyẹ lọ́pọ̀lọpọ̀ lójú kan, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe dókítà ẹran. Àìsàn lukúlukú ẹyẹ ti dé Nàìjíríà láti 2006, Nàìjíríà ló sì kọ́kọ́ dé nílẹ̀ Áfíríkà.

* * *

Mo fẹ́ gbàgbé ọ̀kan. Igbó tí à ń sọ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ igbó mọ́. Láti Lẹ́kkí títí wá dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn onílẹ̀ ń tà, àwọn awọ̀nlẹ̀ ń ri òpó bíkọ̀n mọ́lẹ̀, ibi tí mo ti pa awó lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn ti di ìdí fẹ́ǹsì. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀, kódà bí kò bá tíì kọ́lé sí i. Ẹ má sì yìn ohunkóhun bí kò bá ṣe pé ilẹ̀ tàbí igi ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀ tó máa gba ọta. Ọta .22 tó gba òfúrufú lọ lè rìn ju 300 mítà lọ kó tó balẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá orí páànù ló máa bà tàbí orí ọmọ tó ń gbálẹ̀. Mo ti jókòó ti àparò kan fún wákàtí kan rí, orí rẹ̀ yọ dáadáa, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn sì ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo wò ó títí ó fi lọ.

* * *

Àbúrò tó béèrè ti padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ò níwèé, lọ́yà ti bá wa gbé ìbọn náà lọ sí àgọ́, ọ̀rọ̀ ìwé ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mo lọ jókòó fún àárọ̀ mẹ́rin láìgbé nǹkan kan dání bí ẹ ṣe wí. Lọ́jọ́ kẹta, ó gun ebè. Mo rí ìlà funfun yẹn. Nígbà tó lọ tán mo ka ìṣísẹ̀, mẹ́tàdínlógún ni. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ kò sí ìbọn lọ́wọ́ mi."

Mẹ́tàdínlógún dáa. Kí ló wà lẹ́yìn ebè náà?

"Ilé ìdáná ìyá aláàmàlà ni."

Wá ebè mìíràn.